Òkè Adìímú àti Ajá Mi Tó Ń Yípo Lójú Òfúrufú

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ̀yin tí òjò ká mọ́ ìta Sàlámì tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe yìí. Ẹni tí ikọ́ bá ń yọ lẹ́nu, kó wú u tán báyìí. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun yóò já lu ọ̀rọ̀ mi, kó jáde lọ dúró sínú òjò. Èmi ni Ọdẹ́gbàmí, mo ti wọ igbó mẹ́rìndínlógún tí ẹ kò gbọ́ orúkọ wọn rí, mo ti bá iwin ẹlẹ́nu mẹ́ta jiyàn, ẹnu kan ṣoṣo tí mo ní yìí ni mo sì fi borí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn tòní kì í ṣe èyí tí mo fi ń yangàn. Ìtàn tó bí mi nínú ni. Ó ti pé ọdún mẹ́ta, inú rẹ̀ ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń la ẹnu yìí.

Ẹ mọ ajá mi, Dúródemí, pupa tí etí rẹ̀ kan ya. Gbogbo yín ń pè é ní ajá Ọdẹ́gbàmí, irọ́ lẹ ń pa, ajá ìyàwó mi Àwẹ̀ró ni. Ejò bu ìyá ajá náà jẹ nígbà tí kò tíì lajú, Àwẹ̀ró ló ń ti òwú bọ ògì tó ń fún un sí i lẹ́nu títí ó fi mọ oúnjẹ jẹ. Ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo, Móradé, ti lọ sílé ọkọ nígbà náà, ilé sì dákẹ́. Èmi ńkọ́? Inú igbó ni mo ń gbé, ilé ni mo kàn máa ń yà sí. Ajá yìí nìkan ló ń gbé etí sókè tí Àwẹ̀ró bá sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ lọ sí Igbó Àmúyípo, mo fọn fèrè, ajá sì tẹ̀ lé mi. Àwẹ̀ró jáde sí ẹnu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì di òpó mú.

"Bàbá Móradé," ó ní, "ẹ dá ajá mi padà fún mi o. Ẹ̀yin, ó ti mọ́ mi lára pé ẹ kì í sí nílé. Ti ajá yìí kò lè mọ́ mi lára. Tí ẹ bá dé láìsí i, ẹ má wulẹ̀ kí mi kúulé."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ṣé èmi Ọdẹ́gbàmí ni ajá yóò sọ nù mọ́ lọ́wọ́. Ẹ wo ẹnu mi.

Mi ò ní fi ìrìn-àjò náà dá yín dúró. Mo dé Igbó Àmúyípo, mo rí àgbọ̀nrín kan tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan funfun, mo tú ajá sílẹ̀. Àwọn méjèèjì sáré títí wọ́n fi dé etí ọ̀gbun, níbi tí òkè ńlá kan dá dúró láàárín àfonífojì bí ọmọ odó. Àgbọ̀nrín fò. Ajá mi fò tẹ̀ lé e. Ẹ̀rù ba àgbọ̀nrín lójú òfúrufú, ó fa ara sẹ́yìn, ó sì já bọ́ sínú koríko nísàlẹ̀, ó gbọn ara nù, ó wọgbó lọ. Ajá mi kò fa ara sẹ́yìn. Ó ń sáré ní tirẹ̀, kò já bọ́, kò sì fò lọ. Ó yí òkè náà po, ó tún yí i po, ó sì ń yí i po lọ. Nígbà tó kọjá lórí mi, ó gbó lẹ́ẹ̀kan. Mo pariwo orúkọ rẹ̀. Ó ti lọ sẹ́yìn òkè kí n tó pè é tán.

Mo dúró síbẹ̀ láti àárọ̀ títí oòrùn fi rọ̀. Gbogbo ìgbà tó bá kọjá, á gbó lẹ́ẹ̀kan, á sì wò mí. Ohùn Àwẹ̀ró nìkan ló ń dún létí mi. Mo mọ̀ pé tí n kò bá mú ajá yìí sọ̀ kalẹ̀, mi ò ní ilé mọ́.

Ní ẹsẹ̀ òkè náà ni ìlú kan wà tí wọ́n ń pè ní Àìsinmi. Tẹrú tọmọ ibẹ̀, eré ni wọ́n ń sá yí ìlú po. Wọ́n ń sáré jẹun, wọ́n ń sáré ṣe ìgbéyàwó. Tí ẹ bá fẹ́ bá baálẹ̀ wọn, Abẹsẹ̀fúyẹ́, sọ̀rọ̀, ẹ máa bá a sáré ni. Mo sáré tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ tòun ti ìbọn lórí èjìká, àyà mi ń lù kì-kì-kì.

"Ẹ kú eré o, baálẹ̀," ni mo wí. "Ajá mi ló wà lókè yẹn. Kí ló mú un?"

"Afẹ́fẹ́ ni," ó dáhùn láì bojú wẹ̀yìn. "Ohun tó bá ń lọ, ó ní ẹni tó ń tì í. Wá ẹni tó ń ti ajá rẹ lẹ́yìn, kí o bẹ̀ ẹ́ kó jáwọ́."

Mo gbà á gbọ́! Èmi, ọdẹ àgbà, mo gba ọ̀rọ̀ ẹni tí kò jókòó rí gbọ́. Mo gun igi tó ga jù lábẹ́ ọ̀nà tí ajá ń gbà, mo so ìyẹ́ adìyẹ mọ́ ẹ̀ka, mo ń wo bóyá afẹ́fẹ́ yóò fẹ́ ẹ. Ọjọ́ méje gbáko ni mo fi wà lórí igi, tí èèrà ń jẹ mí. Ajá ń kọjá, ìyẹ́ kò mì. Kò sí ẹni tó ń tì í. Mo padà sọ fún Abẹsẹ̀fúyẹ́, ó ní, "Á jẹ́ pé ẹni tó ń tì í mọ bí a ṣe ń fara pa mọ́ ni," ó sì sáré kọjá lọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, inú bí mi débi pé mo ṣí fìlà orí mi, mo sọ ọ́ mọ́ àpáta.

"Ta ló ń sọ fìlà lù mí?"

Òkè náà ló sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ gba àtẹ́lẹsẹ̀ mi wọlé kí ó tó dé etí mi. Ó ní Òkè Adìímú lorúkọ òun. Ó ní ọjọ́ kẹjọ nìyí tí òun ti ń di ajá mi mú, tí mo ń gun igi kiri, tí mo ń kí ajá pẹ̀lẹ́, tí mo ń kí àwọn ará Àìsinmi kú eré, tí n kò sì kí òun ní ohunkóhun.

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ ń tì í," ni mo wí. "Ẹ̀yin ò kúrò lójú kan."

"Mi ò tì í. Ta ní sọ pé wọ́n ń tì í? Ajá rẹ fẹ́ máa lọ tààrà ni. Láti ìgbà tó ti fò, ọ̀nà tààrà ló ń fẹ́. Èmi ni mo ń fà á sọ́dọ̀ ara mi láìsinmi. Ó ń já bọ̀ wá bá mi, eré tó ń sá sì ń gbé e kọjá kó tó dé. Tí mo bá ṣíwọ́ báyìí, wàá rí ibi tí yóò gbà."

Sàlámì, kí lo fẹ́ wí? Mo ní kí ẹnikẹ́ni má já lu ọ̀rọ̀ mi. Ó dáa, sọ ọ́.

Ó ní bí òun bá yí táyà tí ẹrẹ̀ wà lára rẹ̀, ẹrẹ̀ tó bá já kúrò a máa ta lọ tààrà ni, kì í bá táyà yípo mọ́. Òótọ́ ni. O ṣeun. Dákẹ́ wàyí.

Mo dọ̀bálẹ̀ fún òkè. Mo bẹ̀ ẹ́ kó dá ajá Àwẹ̀ró padà. Ó ní òun yóò dá a padà, ṣùgbọ́n ó ti rẹ òun láti máa ṣiṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rí. Ó ní kí n kọ́kọ́ sọ iye agbára tí òun ń lò lórí ajá náà fún òun, láì dín, láì lé. Ó fún mi ní ìdáhùn mẹ́ta péré. Bí mo bá ṣì í lẹ́ẹ̀mẹta, òun yóò la ọwọ́ nígbà tó bá wu òun, kí ajá gba ibi tó bá gbà.

"Kí lẹ fi ń wọn agbára yín?" ni mo bi í.

"Ọwọ́. Mú òkúta kan tó tó ìkúùkù rẹ. Agbára tó lè fi eré ìṣísẹ̀ kan kún eré òkúta yẹn láàárín èémí kan, òun ni mò ń pè ní ọwọ́ kan."

Iṣẹ́ wá dé. Mo mọ bí ajá mi ṣe wúwo tó, nítorí bí a bá fẹ́ gba orí igi tí wọ́n fi ṣe afárá kọjá odò, inú àpò kan ni mo máa ń gbé e sí, màá sì kó òkúta tó tó ìkúùkù mi sí àpò kejì kí èjìká mi lè dọ́gba. Òkúta méjìlá ni, kì í lé, kì í dín. Mo rìn yí òkè náà po lábẹ́ ọ̀nà tí ajá ń gbà, mo ń ka ìṣísẹ̀ títí ẹnu mi fi gbẹ: ẹgbẹ̀tàlá ó dín ọgọ́rin. Mo jókòó, mo ka èémí mi láti ìgbà tó kọjá lórí mi títí ó fi tún dé: mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Mo pín in. Ìṣísẹ̀ ogójì ni ajá mi ń sá nínú èémí kan ṣoṣo. Ẹ ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nínú yín, ta ló lè ṣírò ìyẹn láìní pátákó?

Ihò kan sì la inú òkè náà já. Mo bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ọ̀nà ajá ní ìhà kan, mo gba inú ihò kọjá, mo jáde sábẹ́ ọ̀nà rẹ̀ ní ìhà kejì. Ẹgbẹ̀rin ìṣísẹ̀.

Ẹ mọ̀ pé oko ìrẹsì bàbá mi ni mo dàgbà sí, kànnàkànnà ni mo fi ń lé ẹyẹ. Mo mọ̀ pé tí òkúta inú kànnàkànnà bá wúwo, á fa ọwọ́ le. Tó bá sáré, á fa ọwọ́ le. Tí okùn bá gùn, tí eré òkúta kò sì yí padà, á rọra yà, kò ní fa ọwọ́ tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà mo sọ òkúta méjìlá di ọ̀nà ogójì, mo fi ẹgbẹ̀rin pín in. Kò tó ọ̀kan. Mo na ìka sókè.

"Kò tó ọwọ́ kan," ni mo wí.

"Kò tó ọwọ́ kan?" Òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í yí bọ́ lára òkè. "Ṣé eṣinṣin ni mo dì mú ni?"

Bó ṣe wí bẹ́ẹ̀ ni ó fà mí. Ìbọn mi wúwo bí igi ìrókò. Ìpéǹpéjú mi wúwo, àgbọ̀n mi wúwo, ẹsẹ̀ mi sì rì sínú ilẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Mo bú ẹkún, kì í ṣe ẹkún ìbànújẹ́, ẹkún ìbínú ni. Mo ti rìn tó, mo ti kà tó, ìṣírò mi sì péye lójú mi.

Mo yọ kànnàkànnà mi kúrò ní ìbàdí, mo ki òkúta sí i, mo ń jù ú yípo. Mo fi eré kan jù ú, mo mọ bó ṣe ń fa ìka mi. Mo jù ú ní ìlọ́po méjì eré yẹn. Ẹ gbọ́, kò fa ìka mi ní ìlọ́po méjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fà á tu! Ó tó ìlọ́po mẹ́rin. Mo jókòó, mo rò ó. Ohun tó bá ń sáré ní ìlọ́po méjì, agídí rẹ̀ ti di ìlọ́po méjì níbi tó bá fẹ́ yà, kò sì ní pẹ́ kó tó tún dé ibi tí yóò ti yà, ìyẹn náà jẹ́ ìlọ́po méjì. Eré náà jẹ lọ́nà méjì. Èmi sì ti kà á lẹ́ẹ̀kan péré.

Mo wá sọ ogójì di ọ̀nà ogójì, ó di ẹgbẹ̀jọ. Mo fi ẹgbẹ̀rin pín ẹgbẹ̀jọ, ó di méjì. Òkúta méjìlá, ọwọ́ méjì-méjì. Ayọ̀ gbà mí lọ́kàn. Mo pariwo, "Ọwọ́ mẹ́rìnlélógún!"

Mo ti ń fi ojú wá ajá mi lókè.

"Ààbọ̀ iṣẹ́ mi lo rí," ni òkè wí, ó sì tún fà mí.

Mo rì dé orúnkún. Apá mi lẹ̀ mọ́ ìhà mi, mi ò lè gbé e. Ajá kọjá, ó gbó, ohùn rẹ̀ ti há. Ìdáhùn kan ló kù. Orí mi gbóná, mo sì sọ̀rọ̀ sí òkè náà bí ẹni tí kò bẹ̀rù ikú mọ́.

"Kí lẹ tún fẹ́? Mo wọn gbogbo rẹ̀! Mo wọn ọ̀nà yẹn láti etí kan dé etí kejì! Inú yín gan-an ni mo gbà kọjá!"

"O gbà á kọjá," ni òkè wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Ṣé o dúró lọ́dọ̀ mi?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju bó ṣe fà mí lọ. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣọdẹ. Bí àwa ọdẹ bá fẹ́ fi iná ká igbó mọ́ ẹran, a máa ń to ara wa yíká ni. Ohun tí a máa ń wọ̀n ni bí ó ṣe jìnnà tó láti ọ̀dọ̀ èmi dé ọ̀dọ̀ ẹni tó dojú kọ mí, kí ìbọn má baà ba ara wa. Kò sí ọdẹ tó ń dúró sáàárín. Ẹran ló wà láàárín. Láti ìgbà èwe mi, mi ò ka nǹkan kan láti àárín rí. Òkè yìí sì rèé, àárín ló wà, ibẹ̀ ló ti ń fà. Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ajá, kì í ṣe ẹgbẹ̀rin. Ààbọ̀ ẹgbẹ̀rin ni. Irinwó.

Mi ò pariwo mọ́. Mo fi irinwó pín ẹgbẹ̀jọ, ó di mẹ́rin. Òkúta méjìlá, ọwọ́ mẹ́rin-mẹ́rin.

"Ọwọ́ méjìdínláàádọ́ta," ni mo wí. "Gbogbo rẹ̀ ló ń lọ sí àárín, kò sí èyí tó ń lọ síwájú níbẹ̀. Lójoojúmọ́, láì sinmi, láì kúrò lójú kan. Ẹ kúulé o, Òkè Adìímú."

Omi yọ lára àpáta náà, ó ń kán sílẹ̀. Ó tú mi sílẹ̀, mo fa orúnkún mi yọ nínú ilẹ̀. "Láti ìgbà tí mo ti wà," ni òkè wí, "asáré ni wọ́n ń kí." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ibo ni kí n ti la ọwọ́?"

Ìhà ìwọ̀ oòrùn ni abúlé wa wà. Ó kù díẹ̀ kí n ní, "Nígbà tó bá dé ìhà ìwọ̀ oòrùn, níbi tó ti sún mọ́ ilé jù." Mo fi eyín gé ahọ́n mi. Mo rántí ọjọ́ tí mo ju òkúta sí ẹyẹ ẹ̀gà tó wà níwájú mi, tí mo la ọwọ́ nígbà tí òkúta náà dé iwájú mi, tó sì lọ fọ́ ìkòkò omi ìyá mi ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Òkúta kì í lọ síbi tó wà, ibi tó dojú kọ ló ń lọ.

"Ẹ jẹ́ kí imú rẹ̀ dojú kọ ìwọ̀ oòrùn," ni mo wí. "Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ là á."

Ó là á. Ajá mi lọ tààrà, ó gbó lẹ́ẹ̀kan, ó kéré, ó di ẹyọ ẹ̀wà, mi ò rí i mọ́. Mi ò mọ̀ bóyá ilé ló lọ tàbí òkun.

Ọjọ́ mọ́kànlélógún ni mo fi rìn padà. Mi ò pa ẹran kankan, kò sí ohun tó wù mí. Nígbà tí mo dé ẹ̀yìn ilé wa, mo rí Àwẹ̀ró lórí àpótí, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Dúródemí sùn sórí ẹsẹ̀ rẹ̀, eyín iwájú rẹ̀ kan ti kán.

"Inú kòtò tí mo rẹ ẹ̀gẹ́ sí ló já sí," ni Àwẹ̀ró wí, kò gbójú sókè. "Ó ti dé láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ẹ̀yin, ibo lẹ wà?"

Ẹ gbọ́, ó yẹ kí n bínú. Èmi tí mo rì dé orúnkún nítorí ajá yìí! Ṣùgbọ́n mo dúró síbẹ̀, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀ lórí ọ̀bẹ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń yí igbó po, tí mo ń kọjá lára ilé yìí, tí mo sì ń padà wá nígbà gbogbo. Mo ti rò pé ẹsẹ̀ mi ló ń gbé mi bọ̀. Mo fẹ́ mọ iye ọwọ́ tí Àwẹ̀ró ti ń ná lórí mi. Mi ò rí i ṣe. Mo mọ eré mi, mo mọ bí mo ṣe wúwo tó. Bí mo ṣe jìnnà sí àárín tó ni mi ò mọ̀, nítorí mi ò dúró níbẹ̀ rí.

"Kúulé," ni mo wí.

Ọ̀bẹ dúró. "Kí lẹ wí?"

"Mo ní kúulé, Àwẹ̀ró."

Ó wò mí títí. Ó ti gbọ́ kúulé lẹ́nu mi láìmọye ìgbà, nígbà tí mo bá ń kọjá lọ so ìbọn mi kọ́. Ó fi ẹsẹ̀ rọra sún ajá, ó sì sún ara rẹ̀ lórí àpótí.

"Ẹ jókòó," ó ní. "Níbí. Kì í ṣe lẹ́nu ọ̀nà."

Òjò ti dá. Sàlámì, gbé kẹ̀kẹ́ yẹn kúrò lọ́nà kí n kọjá. Ta ló ń bi mí pé ọwọ́ mélòó ni Àwẹ̀ró ń ná? Mi ò tíì rí i ṣírò, ọdún mẹ́ta rèé, ó sì ń bí mi nínú. Ẹ yàgò, ó ti ń retí mi.